Ohun Tí Kúnbi Rán Mọ́ Tìmùtìmù

Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ló kán mọ́ Kúnbi lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ tó rán tìmùtìmù pupa náà. Èyí àkọ́kọ́ kán, ó ní irin rẹ̀ ni kò dáa. Èkejì kán, ó ṣépè fún ẹni tó tà á fún un. Nígbà tí ẹ̀kẹta kán, tó gún un ní àtàǹpàkò, tí ẹ̀jẹ̀ sì kán tó sórí aṣọ, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi mọ́. Ó fi ìka sẹ́nu, ó yọjú síta láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkòsí, bóyá ẹnì kan ń wo òun. Kò sẹ́nì kan. Oòrùn ti lé gbogbo ayé wọlé. Adìyẹ kan ṣoṣo ló dúró sáàárín títì, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kò sì gbé e sílẹ̀ títí Kúnbi fi gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Tìmùtìmù méjìlá ló fẹ́ rán. Mọ́kànlá ti parí, òwú lásán ló wà nínú wọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ní nǹkan mìíràn nínú: ìdì kékeré kan tí wọ́n fi òwú dúdú yí, tí kò tóbi ju ẹyin ẹyẹlé lọ, tó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ bíi pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni Kúnbi. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, obìnrin jẹ́jẹ́, tó ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ iléèwé láti Kétu títí dé Mile 12, tí kì í sì í pa ìsìn jẹ. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Olúwadàmọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí ni ojú rẹ̀, òun náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Dàmọ́lá ti pé ọdún mẹ́tàlá báyìí.

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Uncle Levi, tíṣà ìṣirò kan, máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkòsí, ó ń kọ́ wọn ní chess, ayò tí wọ́n fi ń jagun láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: ọba, ayaba, ẹṣin àti àwọn ọmọ ogun, dúdú lápá kan, funfun lápá kejì. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, kò sí ọmọ tó lè na Dàmọ́lá. Àwòrán rẹ̀ ló wà lára ògiri gbọ̀ngàn náà. Bí Kúnbi bá wọlé, "Mummy Champion" ni wọ́n ń kí i.

Ni Rasheedat bá dé.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ọmọ Karimot tó ń ta tòmátò lápẹ̀rẹ̀ lápẹ̀rẹ̀ ní Mile 12. Ojú fèrèsé ló ti ń wo ayò náà, nígbà tó bá ń dúró de ìyá rẹ̀. Ní Sátidé kẹrin, Uncle Levi ní kó wọlé wá jókòó. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti na ọmọ mẹ́fà. Kí ọdún tó yí po, ó ti gba ife ẹ̀yẹ ní Kétu, ó ti gbà á ní Ìkòròdú, ó sì ti na géńdé ọlọ́dún mọ́kàndínlógún kan ní ìdíje ìpínlẹ̀, tí ọmọkùnrin náà fi bú sẹ́kún níwájú èrò. Kì í wo ayò bó bá ń ronú. Òkè àjà ló máa ń wò, bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

"Wọ́n ti fún un ní ìsọ̀yè jẹ ni," Kúnbi sọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Orí ọmọdé kì í ṣe báyẹn lásán."

Dàmọ́lá rẹ́rìn-ín. "Mummy, ẹ̀wà àti gàrí ló ń jẹ. Èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe máa lo ẹṣin. Ó ti wá ń lò ó jù mí lọ! Ẹ ò rí i bó ṣe dùn tó?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dun Kúnbi dé egungun. Ọmọ ọlọ́mọ ti gba àyè ọmọ rẹ̀, inú ọmọ rẹ̀ sì ń dùn sí i. Kò tíì gbé ìyẹn mì tí lẹ́tà fi dé: ìdíje àwọn ọmọdé Áfíríkà ń bọ̀ ní Nairobi, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú láti ẹgbẹ́ Uncle Levi. Oṣù mẹ́ta sí i ni wọ́n máa yan ẹni náà. Kúnbi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó gba ọ̀nà Ògùdù lọ.

*

GRA ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Ògùdù, pẹ̀lú géètì gíga àti mọ́tò tó ń dán. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá rìn kọjá ibẹ̀, tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ìlú àtijọ́, síbi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ sínú omi ọ̀sà, ariwo mọ́tò á dákẹ́ lójijì bí ẹni fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ibẹ̀ ni Fàsásì, bàbá olóògùn kan, ń gbé. Obìnrin kan tó wá gba yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ ló júwe rẹ̀ fún Kúnbi, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ òun.

Kò sí agbárí, kò sí aṣọ pupa, kò sí ohun tó ń dẹ́rù bani nílé náà. Bàbá arúgbó tó mọ́ tónítóní ni, ó wọ awò ojú, ó jókòó sórí àpótí, ó ń di ojú àwọ̀n ẹja tó ti ya. Kò gbójú sókè.

"Ìyá ọmọ tó ń ta ayò," ó ní. "Jókòó."

Kúnbi ò sì tíì sọ nǹkan kan. Ó jókòó.

"Bàbá, mi ò fẹ́ kó kú o," ó sọ ọ́ wéréwéré. "Mi ò fẹ́ kó ṣàìsàn. Kó kàn gbàgbé ni. Kó gbàgbé ayò yìí nìkan."

Bàbá náà so kókó kan, ó fi eyín gé òwú: kíṣì. "Ìgbàgbé ò mọ ayò yàtọ̀ sí ohun mìíràn. Bó bá jẹ tiwájú rẹ̀ tán, á wò yíká. Ṣé o ṣì fẹ́?"

Kúnbi rántí àwòrán ọmọ rẹ̀ lára ògiri. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló máa ń jókòó lé bó bá ń ronú?"

Ọ̀rọ̀ di àga, àga di tìmùtìmù. Nígbà tí Kúnbi dìde, ìdì dúdú náà ti wà nínú báàgì rẹ̀, kò sì rántí ìgbà tí bàbá náà fi lé òun lọ́wọ́.

"Ìjókòó mẹ́ta," bàbá náà sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Má dúpẹ́. Má wẹ̀yìn."

Kò wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n títí tó fi dé ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń gbé èrò, ló ń gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn òwú tó ń já: kíṣì, kíṣì.

*

"Mummy Dàmọ́lá, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín!" Uncle Levi pariwo lọ́jọ́ Sátidé nígbà tó rí àwọn tìmùtìmù náà. Àwọn ọmọ ń bẹ́ lórí wọn. Karimot, tó sáré wá láti ọjà láti wá mú ọmọ rẹ̀, gbá Kúnbi mọ́ra. Òórùn tòmátò àti oòrùn ló wà lára rẹ̀.

Kúnbi fúnra rẹ̀ ló gbé èyí tó pupa fún Rasheedat. "Tìẹ rèé, àwọ̀ tòmátò mọ́mì ẹ."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, mà."

Ní ìjókòó àkọ́kọ́, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Rasheedat na ọmọ mẹ́ta, ó jẹ bisikíìtì, ó lọ sílé. Ní ìjókòó kejì, ó wo òkè àjà, ó mójú kúrò, ó tún wò ó, bí ẹni tí kò rí ibi tó kàwé dé mọ́. Síbẹ̀ ó borí, ṣùgbọ́n ó pẹ́.

Ní ìkẹta, Dàmọ́lá ló jókòó níwájú rẹ̀. Kúnbi dúró sójú fèrèsé. Ayò ń lọ. Rasheedat gbé ẹṣin rẹ̀ sókè, ó dì í mú, ó ń yí i wò síwá sẹ́yìn.

"Uncle," ó ní, "kí ni wọ́n ń pe eléyìí?"

Gbogbo ọmọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe bí àwàdà ni. Dàmọ́lá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Òkè ti funfun," ọmọdé náà ń sọ ọ́, omi sì ti ń dà lójú rẹ̀. "Dàmọ́lá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti nù ún kúrò."

Kúnbi dúró kí ayọ̀ dé. Ohun tó dé dàbí ìgbà tí ènìyàn bá gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, tí kò sì sí àtẹ̀gùn níbẹ̀.

*

Ìgbàgbé náà kò dúró sórí ayò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n rán Rasheedat ní iyọ̀, ó dúró sáàárín ọ̀nà títí ìyá rẹ̀ fi wá a lọ. Ó gbàgbé kéwú tó ti mọ̀ láti kékeré. Ní ọ̀sán kan, ó wo bàtà rẹ̀, kò mọ èwo ni ti ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Ìyá rẹ̀ ló wá sọ gbogbo rẹ̀ fún Kúnbi, nínú ṣọ́ọ̀bù, bó ti jókòó sórí àpótí láàárín àwọn yunifọ́ọ̀mù.

"Ẹ bá mi gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, Mummy Dàmọ́lá. Mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ Àlùfáà Shittu ní Agíliti. Wọ́n kọ̀wé sí wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́, ó mu ún. Wọ́n so tírà mọ́ ọn lápá." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Wọ́n ní àwọn ò ní bá ẹnì kankan jà. Àwọn á kàn ṣílẹ̀kùn fún nǹkan náà, kó máa lọ sílé tó ti wá."

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ Kúnbi, ó já gìrọ̀ lu sìmẹ́ńtì.

"Ta ló lè ṣe ọmọ báyìí?" Karimot gbórí lé e léjìká, ó ń sunkún. "Kí ni ọmọ mi gbà lọ́wọ́ wọn?"

"Ayé nìkà o," Kúnbi dáhùn. Ó sì fún un ní aṣọ ìnujú rẹ̀.

*

Lọ́jọ́ kejì, kí ìrì tó gbẹ, ó ti padà dé Ògùdù. Fàsásì ṣì ń di àwọ̀n. Kò bi í léèrè ohun tó mú un wá. Ó kan nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀, ó mú àgádágodo kékeré kan tó ti dípata.

"Ẹnu ọ̀nà rẹ ni kí o rì í mọ́. Gbogbo ẹni tí o fẹ́ kó là, kó wà nínú ilé kí o tó tì í. Ẹni tó bá wà níta nígbà tó bá dún, àlejò ni."

Nígbà tí Kúnbi délé, Dàmọ́lá ti lọ síléèwé. Agogo méjì ló yẹ kó dé. Ó gbẹ́ ihò sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń dúró. Ọyẹ́ ti bo àdúgbò, oòrùn rí bàìbàì bí ojú ẹja tó ti pẹ́ nínú yìnyín. Agogo méjì lù. Dàmọ́lá ò dé. Méjì ààbọ̀. Alángbá kan jábọ́ láti ara ògiri síwájú rẹ̀, ó kú bẹ́ẹ̀, láìjà rárá.

Ni ó bá gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó wá láti orí páànù, ó wá láti inú yàrá rẹ̀ gan-an: kíṣì, kíṣì, kíṣì. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn nígbà mẹ́ta. Ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀, kò sì sẹ́nì kan níbẹ̀.

Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ènìyàn ka iye ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ Kúnbi ti tẹ àgádágodo náà kó tó mọ̀. Ó dún: kọ́ì.

Ìdákẹ́jẹ́ dé. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó erùpẹ̀ bò ó nígbà tí géètì dún.

"Mummy, kí lẹ ń gbìn?" Dàmọ́lá ní, báàgì léjìká. Kí Kúnbi tó pariwo pé kó dúró, ọmọ náà ti ré ihò náà kọjá, ó ti wọlé.

*

Ọjọ́ kẹta, ara Rasheedat bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ọjọ́ kẹta yẹn kan náà ni Dàmọ́lá wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sódì lọ síléèwé. Ní Sátidé, ó gbé ayaba ẹni tó ń bá a ta ayò, ó fi í jẹ ọba ara rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò délé. Uncle Levi ló rí i ní gáréèjì Ọjọ́ta nígbà tílẹ̀ ń ṣú lọ, níbi tó jókòó sí láàárín ẹrù àwọn èrò Ìbàdàn, tí àwọn awakọ̀ ń bi í pé níbo ni ilé rẹ̀, tó kàn ń wò wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà wo orí rẹ̀, ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Kúnbi tú ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi débi òkúta. Kò bá àgádágodo. Omi dúdú ló bá níbẹ̀, nínú ọ̀gbẹlẹ̀.

"Bàbá, ẹ tú u!" Ó dojú bolẹ̀ níwájú Fàsásì. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ gbà mí!"

"Mi ò fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ nígbà tí o gbà á," bàbá náà ní. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó yọ awò rẹ̀, ó wò ó. Kò sí ìkà lójú rẹ̀, kò sì sí àánú. "Mo mọ̀ ọ́n dì. Mi ò mọ̀ ọ́n tú."

"Ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀."

*

Ọkọ̀ Òkè Ọya mẹ́rin ló ń já ẹrù ní Mile 12 nígbà tí Kúnbi dé ibẹ̀. Àwọn aláàárù ń pariwo, "Àgò! Àgò lọ́nà!" pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Karimot wà láàárín tòmátò, ó ń ṣà èyí tó bàjẹ́ sọ́tọ̀. Kúnbi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tí tòmátò ti sọ di pupa pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mummy Dàmọ́lá! Ẹ dìde jàre, kí ló dé? Ṣé ọmọ náà ni?"

Kúnbi ò dìde. Ó sọ gbogbo rẹ̀: Ògùdù, ìdì dúdú, tìmùtìmù, àgádágodo. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Bó ti ń sọ ọ́, ọwọ́ Karimot ń ṣa tòmátò, ó ń ṣà á, títí tí kò fi sí èyí tó bàjẹ́ mọ́, tó wá ń sọ èyí tó dáa sílẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo wá sunkún sí yín léjìká," ó sọ níkẹyìn. "Ẹ ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ wá fún mi ní aṣọ ìnujú."

Karimot gbọ́wọ́ sókè, àwọn obìnrin ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dìde. Ọwọ́ náà dúró lókè, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń mú Rasheedat wálé nígbà tí kò mọ ọ̀nà mọ́? Dàmọ́lá ni. Ojoojúmọ́ ló ń ti iléèwé yà wá, ó ń dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní kí n má sọ fún yín, pé ẹ máa bínú pé òun ń pẹ́ kó tó délé."

Ìgbà náà ni Kúnbi ké. Igbe tó jáde lẹ́nu rẹ̀ mú kí àwọn aláàárù dúró pẹ̀lú ẹrù lórí.

Karimot bọ́ ìró tó fi ń ṣiṣẹ́. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Nítorí ọmọ yẹn ni o. Ẹ̀yin, ẹ má pè mí ní ọ̀rẹ́ mọ́ láyé."

Àlùfáà Shittu wo Dàmọ́lá títí. Ó ní kí wọ́n lọ sun tìmùtìmù pupa náà. Ó jó fún wákàtí mẹ́ta, èéfín rẹ̀ kò sì gòkè, ilẹ̀ ló ń fà lọ. Ó fọ wàláà fún ọmọ náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún.

"Mo lè pè é," ó sọ fún Kúnbi. "Mi ò lè ṣèlérí pé gbogbo ara rẹ̀ ló máa bá a padà."

*

Gbọ̀ngàn kan ní GRA Ògùdù ni wọ́n ti yan ọmọ tó ń lọ Nairobi. Karimot gbà kí Kúnbi gbé Dàmọ́lá wá, ó ní bóyá ohùn ayò á jí i. Wọ́n gbé e jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan.

Rasheedat ta ayò mẹ́rin lọ́jọ́ náà. Nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, pátákó ayò ló tẹjú mọ́, bí ẹni tó ń rìn nínú yàrá tí kò dá a lójú. Nínú ẹ̀kẹrin, nígbà tí ọba rẹ̀ ti wà nínú ewu, ó mí kanlẹ̀, ó gbójú sókè. Kúnbi rí i tí ojú ọmọ náà ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, láti òsì sí ọ̀tún. Ó ti ń kàwé. Ó gbé ẹṣin rẹ̀, ó fò ó síbi tí ẹnikẹ́ni ò rò. Ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ wò ó pẹ́, ó sì nawọ́ sí i láti gbà fún un.

Kí ariwo tó sọ, ohùn kan ti dún láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ẹṣin yẹn! Èmi ni mo kọ́ ọ!"

Dàmọ́lá ti dìde. Ó ń rẹ́rìn-ín. Rasheedat sáré dì mọ́ ọn, Uncle Levi fọwọ́ bojú, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Uncle Levi, kí lẹ ń sunkún fún? Rashee, ìwọ lò ń lọ Nairobi nìyẹn! Ẹ káàsán, Mummy Rashee." Ó dọ̀bálẹ̀ fún Karimot. Ó dárúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ṣì ọ̀kan. Ó ní ebi ń pa òun. Ó bèèrè bóyá Sátidé ni.

Kúnbi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láìsí ohùn, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

Ọmọ náà yí sí i. Ó wò ó dáadáa, ó sì rọra dọ̀bálẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé.

"Ẹ káàsán, mà. Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá mi rí mọ́mì mi? Aránṣọ ni wọ́n, ní Ìkòsí. Wọ́n máa ti máa wá mi."

Karimot yí ojú rẹ̀ sí ògiri.

Kúnbi ká ọwọ́ méjèèjì padà. "Wọ́n ń bọ̀," ó ní.

"Ẹ ṣé, mà," Dàmọ́lá dáhùn. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.